Òjó wọ ọkọ̀ òkun lọ: bí wọ́n ṣe ń wá èèyàn ẹni nínú ìwé ìkànìyàn àtijọ́

Fọ́tò kan wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, Màmá Òkèsà là ń pè wọ́n nílé, wọ́n ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún. Inú páálí bàtà ni fọ́tò yẹn ń gbé lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn n'Íléṣà. Ọkùnrin kan ló dúró nínú ẹ̀, ó wọ kóòtù, ó dé fìlà àwọn ọlọ́kọ̀ òkun, kò rẹ́rìn-ín rárá, wọ́n wá fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà ilé àti orúkọ àdúgbò kan sẹ́yìn fọ́tò náà, wọ́n kọ Liverpool sí abẹ́ ẹ̀. Gbogbo ohun tí ilé wa mọ̀ nípa ọkùnrin yìí ò ju gbólóhùn mẹ́ta lọ. Òjó lorúkọ ẹ̀. Àbúrò ló jẹ́ fún bàbá tó bí bàbá Màmá. Ó wọ ọkọ̀ òkun lọ, kò padà wá.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi àwọn èèyàn pé báwo ni mo ṣe lè mọ ibi tí Òjó forí lé, ohun kan náà ni gbogbo wọn ń sọ: "lọ wò ó nínú ìwé ìkànìyàn", bí ẹni pé ìwé ńlá kan wà níbì kan tí orúkọ gbogbo ẹni tó ti gbé ayé rí wà nínú ẹ̀, kéèyàn ṣáà ti dé ibẹ̀ kó ṣí i ni. Ó gbà mí tó ọdún méjì kí ọ̀rọ̀ náà tó là yé mi, mo sì rí i pé bó ṣe rú mi lójú náà ló ṣe ń rú ọ̀pọ̀ èèyàn lójú, àwọn kan tiẹ̀ ti sanwó fún ẹni tó ní òun máa bá wọn wá orúkọ bàbá wọn nínú ìkànìyàn Nàìjíríà ọdún 1931, owó yẹn sì ti lọ. Ìyẹn ló jẹ́ kí n ní kí n jókòó ṣàlàyé ẹ̀ bó ṣe yé mi.

Ìkànìyàn kì í ṣe ìwé ìtàn ìdílé. Ìjọba ló fẹ́ mọ iye èèyàn tó wà nílùú, iye ọkùnrin tó lè san owó-orí, iye ọmọ tó tó ilé-ìwé lọ. Nǹkan méjì ló máa ń tìdí ẹ̀ jáde. Ọ̀kan ni àròpọ̀, pé ìlú báyìí ní èèyàn báyìí, èyí ni ìjọba máa ń tẹ̀ jáde. Ìkejì ni fọ́ọ̀mù tí wọ́n gbé dé ojúlé kọ̀ọ̀kan, inú fọ́ọ̀mù yẹn lorúkọ wà, tí orúkọ bá wà rárá. Àwọn orílẹ̀-èdè kan tọ́jú fọ́ọ̀mù wọn fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn míì ṣe àròpọ̀ tán, fọ́ọ̀mù wá dàwátì. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nìyẹn ti bọ́ nínú ìdajì wàhálà.

Tiwa ní Nàìjíríà, àròpọ̀ ló wà fún ará ìta. Wọ́n ka èèyàn l'Ékòó ní 1866, wọ́n tún kà á ní 1871, wọ́n wá ń kà á ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n Èkó àti agbègbè ẹ̀ nìkan ni, Iléṣà ò sí nínú ẹ̀. Ní 1911, 1921 àti 1931 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa, àmọ́ níbi tó pọ̀, wọn ò ka orí kọ̀ọ̀kan, ìwé owó-orí ni wọ́n wò, wọ́n bi àwọn baálé pé ẹ tó mélòó, wọ́n wá fi àfojúdá kún un. Ogun Hitler ò jẹ́ kí ti 1941 wáyé. Wọ́n ka ti 1952 sí 1953, wọ́n fagi lé ti 1962, ti 1963 ló sọ pé a lé díẹ̀ ní mílíọ̀nù 55, wọ́n tún fagi lé ti 1973, ẹ̀yìn ẹ̀ ló wá kan 1991 àti 2006. Tẹ́ ẹ bá rí èyíkéyìí nínú ìwé wọ̀nyí ní láíbìrì, nọ́ńbà lẹ máa bá níbẹ̀. Tó bá jẹ́ pé wọ́n tiẹ̀ ka bàbá yín, ó ti wọ inú nọ́ńbà lọ, ẹ ò lè yọ ọ́ jáde mọ́.

Ẹ jẹ́ ká rántí náà pé àwọn bàbá wa ò fẹ́ràn kí wọ́n máa ka èèyàn. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Nígbà tí wọ́n sì ti fura pé ẹni tó ń kà wọ́n lónìí ló máa rán agbowó-orí sí wọn lọ́la, ọ̀pọ̀ ló ń kó ìyàwó àti ọmọ lọ sóko títí onítọ̀hún á fi kọjá. N ò lè bá wọn wí. Ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà á.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wá yí padà fún mi ni ìgbà tí mo mọ̀ pé ìwé ìkànìyàn kì í sọ ẹni téèyàn jẹ́, ibi tó sùn lóru ọjọ́ kan péré ló ń sọ, bí ẹni tó mú bírò dání ṣe gbọ́ ọ ló sì ṣe kọ ọ́. Bí ojú ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù ló rí. Fún ìdí èyí, ìbéèrè tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ ni pé: ilẹ̀ ta ni èèyàn mi wà lóru ọjọ́ tí wọ́n kànìyàn? Òjó ò sí n'Íléṣà. Ilẹ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà, tí ohun tó wà lẹ́yìn fọ́tò bá jẹ́ òótọ́, ìwé àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló sì yẹ kí n ṣí.

Àwọn yẹn ń ka èèyàn wọn ní ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá láti 1801. Láti 1841 ni wọ́n ti ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó sun inú ilé kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kó ìwé ẹ̀ pa mọ́. Òfin wọn ni pé ó gbọ́dọ̀ pé ọgọ́rùn-ún ọdún kí ará ìta tó fojú kàn án, ìyẹn ni wọn ò ṣe ṣí ti 1921 títí di oṣù kìíní ọdún 2022. Ti 1931 jóná pátá ní 1942 níbi tí wọ́n kó o sí, ti 1941 ò wáyé nítorí ogun, ti 1951 sì di ẹ̀yìn 2051 kó tó ṣí. Nítorí náà 1921 ló gbẹ̀yìn nínú èyí tá a lè kà, fún ẹni tó bá ń wá àwọn èèyàn wa tó rìn dé ọ̀hún kí ogun kejì tó dé, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ohun kan tó tún jọ ọ́ ni rẹ́jísítà tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án 1939 láti fi pín káàdì ìdánimọ̀ nígbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, màá padà sórí ìyẹn.

Kí n tó fọwọ́ kan fóònù láti wá ohunkóhun, ọ̀dọ̀ Màmá ni mo kọ́kọ́ padà sí, ẹ̀yin náà ẹ má fo ibí yìí. Mo ní, "Màmá, ọdún wo ni wọ́n bí Òjó?" Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ta ló ń kọ ọdún nígbà yẹn?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n wá ní àwọn gbọ́ lẹ́nu bàbá àwọn pé ìgbà tí àwọn jagunjagun ń darí bọ̀ láti Kírìjì ni ìyá Òjó lóyún ẹ̀. Ṣé ẹ rí i? Ọdún tí mò ń wá nìyẹn. Wọ́n ti tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn Kírìjì ní 1886, ṣùgbọ́n 1893 ni àwọn àgọ́ ogun tó túká, nítorí náà mo fi ìbí Òjó sí 1893 tàbí ọdún tó tẹ̀ lé e. Mo tún bi wọ́n pé ọ̀nà wo ló gbà dé Èkó, wọ́n ní ó fẹsẹ̀ rìn dé Òṣogbo kó tó wọ reluwé. Ọdún 1907 ni reluwé dé Òṣogbo, kò lè ti ṣáájú ìyẹn lọ. Ta ló wà lórí oyè? Ọwá Atáyéró ni, èyí tó wàjà ní 1920. Láàárín 1907 sí 1920 ló kúrò nílé nìyẹn, kò sì tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún. Láti ẹnu ìyá àgbàlagbà kan tó ní òun ò mọ ọdún kankan!

Ẹ̀yin ará Ilé-Ifẹ̀ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè pé ṣé Ọọ̀ni Adémilúyì ló wà níbẹ̀ ni àbí Adérẹ̀mí ti jọba, torí pé 1930 ni Adérẹ̀mí gorí àpèrè. Àjàkálẹ̀ àrùn 1918 wà, rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ n'Íléṣà ní 1941 wà, ìgbà tí oòrùn wọ̀ọ̀kùn lọ́sàn-án gangan ní 1947 wà. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà náà, ẹ̀yin ẹ bá a wá ọdún. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ki oríkì ẹ̀, kí ẹ gba ohùn wọn sílẹ̀ sórí fóònù, oríkì máa ń dárúkọ agboolé àti iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò rántí sọ.

Ó wá kan orúkọ, ibẹ̀ ni mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ̀rètí nù. Mo tẹ Òjó sínú sáìtì tí ìkànìyàn 1921 wà lórí ẹ̀, kò mú nǹkan kan wá. Mo tẹ orúkọ ìdílé wa, òfo ni. Mo gbà pé kò sí níbẹ̀, mo pa á tì fún bí oṣù mẹ́rin. Ohun tí n ò mọ̀ ni pé ẹ̀rọ kì í wá èèyàn, lẹ́tà ló ń wá. Ẹnì kan ló sọ orúkọ ẹ̀ jáde lẹ́nu, òyìnbó kan tí kò gbọ́ Yorùbá rí gbọ́ ọ, ó kọ ọ́ bó ṣe bọ́ sí i létí, lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún ẹlòmíì tún wo ìwé ọwọ́ tó ti ń pa rẹ́ yẹn, ó tẹ ohun tó rò pé òun rí sínú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ mẹ́ta lorúkọ gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Tó bá tún jẹ́ pé ẹni náà fúnra ẹ̀ ti pààrọ̀ orúkọ ńkọ́? Ẹ wo Àjàyí ọmọ Òṣogùn, wọ́n kó o lẹ́rú ní 1821, ó dé Freetown ní 1822, wọ́n sì rì í bọmi ní 1825, ẹni tó bá wá Àjàyí nínú ìwé lẹ́yìn ìgbà yẹn, Samuel Crowther ló máa bá. Nílùú wa níbí, Ọwá Ajímókò kìíní tó gorí oyè ní 1896, Frederick Haastrup ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí nídìí òwò l'Ékòó. Ta ló máa rí Haastrup kó mọ̀ pé ọmọ Ọwá ni?

Ohun tó ṣí i fún mi ni pé mo fi orúkọ sílẹ̀, mo ń wá ìlú. Àwọn sáìtì yìí máa ń jẹ́ kéèyàn fi ibi tí wọ́n ti bí ẹni náà wá a, kó fi iṣẹ́ ẹ̀ kún un, kó sọ pé láàárín ọdún báyìí sí ọdún báyìí ni wọ́n bí i. Àmọ́ Iléṣà náà ò dúró sójú kan. Ilesha ni ìjọba ń kọ nígbà yẹn, ẹ máa rí Illesha, ẹ máa rí Elesha, ẹ máa rí Lesha, nígbà míì Lagos lásán ni, torí pé etí òyìnbó nígbà yẹn, gbogbo ẹni tó bá gba Èkó wá, ará Èkó ni. Mo jókòó ti gbogbo ẹ̀ níkọ̀ọ̀kan, lóru, nígbà tí nẹ́tíwọ́kì máa ń dáa. Elesha ló gbé ọkùnrin kan jáde. Iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, Liverpool, ọmọ ọdún 28. Orúkọ tí wọ́n kọ fún un ni Thomas O. Joe.

Mo sọ ọ́ jáde lẹ́nu lẹ́ẹ̀mejì. O. Joe. Òjó.

Ẹ jẹ́ kí n fi bí ìwé náà ṣe rí hàn yín, torí ẹni tí kò bá rí i rí lè kà á kó má yé e. Fọ́ọ̀mù gbọọrọ kan ni, ojúlé kan ló ni ín, ìlà kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ ti èèyàn kan. Orúkọ ló kọ́kọ́ wà, ó kan ohun tí ẹni náà jẹ́ sí olórí ilé, ó kan ọjọ́ orí, ọkùnrin ni àbí obìnrin, ṣé ó ti gbéyàwó, ibi tí wọ́n ti bí i, iṣẹ́ ẹ̀, ẹni tó gbà á síṣẹ́. Láti 1911, fọ́ọ̀mù tí olórí ilé fọwọ́ ara ẹ̀ kọ gan-an ni wọ́n tọ́jú, kì í ṣe èyí tí òṣìṣẹ́ ìjọba dà kọ, ọwọ́ ẹni tó mọ̀ wọ́n lẹ̀ ń wò yẹn. Ilé tí Òjó wà jẹ́ ilé tí wọ́n ń gba àwọn ọlọ́kọ̀ òkun sí, obìnrin kan ló ni ín, ọkùnrin méje ló wà lábẹ́ ẹ̀, òun sì kọ "boarder" síwájú ìkọ̀ọ̀kan wọn, ìyẹn ni ẹni tó ń sanwó sùn, sanwó jẹun.

Ọjọ́ orí: ọdún 1921 yẹn, wọ́n ní kí wọ́n kọ ọdún àti oṣù. Ọdún 28, oṣù òdo ni wọ́n kọ fún Òjó. Oṣù kẹfà ni wọ́n kànìyàn lọ́dún yẹn, mo wá kọ́kọ́ rò pé oṣù kẹfà gan-an ni wọ́n bí i, àfìgbà tí mo wo àwọn tó kù, oṣù òdo ni fún gbogbo wọn láìku ẹnì kan. Obìnrin yẹn ò mọ̀ ni, àwọn náà ò mọ̀. Nítorí náà, ẹ má fi ọjọ́ orí inú ìwé ìkànìyàn búra. Ẹ fi ọdún márùn-ún síwájú, ẹ fi márùn-ún sẹ́yìn. Ní 1841 tiẹ̀, wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n máa gé ọjọ́ orí ẹni tó bá ti lé ní ọdún 15 sísàlẹ̀ sí márùn-ún márùn-ún, ẹni ọdún 29 á di 25 lórí ìwé.

Iṣẹ́: "Ship's fireman". Àbúrò mi ka èyí, ó ní ṣé panápaná ni bàbá yìí ń ṣe ni. Rárá o, ẹni tó ń da èédú sínú iná tó ń gbé ọkọ̀ lọ ni, nísàlẹ̀ ọkọ̀ níbi tí ooru ti ń pa èèyàn, iṣẹ́ tí àwọn ọkọ̀ Elder Dempster tó ń ná Èkó sí Liverpool máa ń gba àwọn ará Áfíríkà sí nìyẹn. Orúkọ ilé-iṣẹ́ náà wà lórí fọ́ọ̀mù. Iwájú ẹ̀ ni wọ́n wá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí, "out of work". Kò ríṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló wà níwájú ẹni márùn-ún nínú àwọn méje.

Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń lọ nílùú yẹn á kàn ka ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí kọjá. Nígbà tí ogun 1914 sí 1918 parí, àwọn tí wọ́n ti bẹ̀ kó wá ṣiṣẹ́ ọkọ̀ ò rí ọkọ̀ wọ̀ mọ́, ní oṣù kẹfà 1919 àwọn èrò dìde sí àwọn aláwọ̀ dúdú ní Liverpool, wọ́n lé ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Charles Wootton wọ omi níbi èbúté, ibẹ̀ ló kú sí. Ọdún méjì péré lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ka Òjó sínú ilé yẹn. N ò lè ka "out of work" yẹn láìronú kàn án.

Ṣùgbọ́n kí ló dá mi lójú pé òun ni? Ẹlẹ́rìí kan ò tó, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, wọ́n á rí orúkọ tó jọ ọ́, wọ́n á gbé bàbá olóbàbá wálé. Àdúgbò tó wà lẹ́yìn fọ́tò Màmá àti àdúgbò tó wà lórí fọ́ọ̀mù, ọ̀kan náà ni, nọ́ńbà ilé nìkan ló yàtọ̀. Ìlú bá a mu, ọjọ́ orí bá ohun tí Màmá sọ mu. Mo ní ó kù díẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ìwé àwọn òṣìṣẹ́ inú ọkọ̀ ọdún 1915 tí wọ́n ti gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, mo bá Joe kan níbẹ̀, ọmọ ọdún 22, ará Lagos. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ pé láti 1918 sí 1921 wọ́n ṣe káàdì fún gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun wọn, fọ́tò sì wà lórí ọ̀pọ̀ nínú káàdì yẹn, Southampton ni wọ́n kó wọn sí. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé London ló bá mi ṣe ètò ẹ̀. Nígbà tí àwòrán káàdì náà dé sórí fóònù mi, n ò ka ohun tí wọ́n kọ sí i, ojú ni mo wò. Ojú yẹn náà ni, láìsí fìlà. Níbi tí wọ́n ti ń ṣàpèjúwe ẹni náà ní ṣókí, wọ́n kọ pé àpá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ méjèèjì. Pélé ni. Ilà tí wọ́n kọ fún un n'Íléṣà, òyìnbó ṣe bí ọgbẹ́ ni.

Lẹ́yìn 1921 n ò tíì rí i. Kò sí nínú rẹ́jísítà 1939, ìyẹn ò sì túmọ̀ sí pé ó ti kú, ẹni tó wà lójú òkun lọ́jọ́ yẹn ò ní sí níbẹ̀, ọmọ ogun náà ò sí níbẹ̀. Mo ń wo àtòkọ ìgbéyàwó àti ikú ilẹ̀ wọn lórí sáìtì FreeBMD báyìí, ọ̀fẹ́ ni, Thomas Joe tó wà níbẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, mò ń yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan.

Lórí owó, sáìtì FamilySearch jẹ́ ọ̀fẹ́, kéèyàn ṣáà ti forúkọ sílẹ̀, púpọ̀ nínú ìkànìyàn Gẹ̀ẹ́sì àti ti Amẹ́ríkà ló wà níbẹ̀. Ti 1921, sáìtì tí wọ́n ń sanwó fún ló gbé e, àmọ́ ẹni tó bá dé ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba pa mọ́ sí ní Kew, London, máa rí i lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ọmọ yín kan tó wà lọ́hùn-ún, ẹ rán an.

Àwọn kan wà tí tiwọn ò rí báyìí, àwọn tí wọ́n kó bàbá wọn lẹ́rú. Ẹ máa ń rí wọn n'Ílé-Ifẹ̀, àwọn tó ń ti Amẹ́ríkà wá sí ààfin, tí wọ́n máa ń bi yín pé báwo làwọn ṣe lè mọ ilé tí àwọn ti jáde. Ẹ lè ràn wọ́n lọ́wọ́ tẹ́ ẹ bá mọ èyí. Ní Amẹ́ríkà, 1870 ni ìkànìyàn àkọ́kọ́ tí wọ́n ti kọ orúkọ gbogbo àwọn dúdú sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ ti àwọn tó kù. Ní 1850 àti 1860, ìwé ọ̀tọ̀ ni wọ́n ṣe fún ẹrú, orúkọ ẹni tó rà wọ́n ló wà lókè, ìsàlẹ̀ ẹ̀ wá jẹ́ ọkùnrin, ọdún 30, dúdú. Obìnrin, ọdún 24, dúdú. Kò sórúkọ. Mo wo ojú ìwé kan báyìí rí, mi ò lè wo ìkejì lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á mú ẹni tó jẹ́ ọmọ 40 ní 1870, wọ́n á wá ẹni ọdún 30 lábẹ́ olówó ẹrú tó ní orúkọ ìdílé kan náà ládùúgbò yẹn ní 1860, wọ́n á wá lọ wo ìwé ogún àti ìwé títà tí olówó ẹrú yẹn fi sílẹ̀, ibẹ̀ lorúkọ máa ń wà. Èyí tó pọ̀ jù nínú ti 1890 wọn sì ti bá iná lọ, kẹ́ ẹ má dààmú lórí ẹ̀.

Àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun lẹ́yìn òfin 1807 tí wọ́n fi fòpin sí òwò ẹrú, Freetown ni wọ́n kó wọn lọ, wọ́n sì kọ wọ́n sínú rẹ́jísítà: orúkọ tí ẹni náà ń jẹ́ látilé, ọjọ́ orí, bó ṣe ga tó, ilà tó wà lára ẹ̀. Orúkọ àwọn èèyàn wa kún inú ẹ̀, òyìnbó kàn ba gbogbo ẹ̀ jẹ́ ni. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ò lè mọ orúkọ tó wà lábẹ́ lẹ́tà wọ̀nyẹn, ẹni tó gbọ́ ọ á sọ ọ́ jáde lẹ́nu, á sì gbọ́ ọ. Iṣẹ́ tiwa gan-an nìyẹn, inú mi ì bá dùn ká rí àwọn ọmọ wa tó máa jókòó tì í.

Tó bá jẹ́ pé ilẹ̀ yìí náà lẹni yín sọnù sí, bí àwọn Ìjẹ̀ṣà tó gbé aṣọ lérí lọ ṣe Òṣómàáló tí wọn ò padà wálé, ẹ gbàgbé ìkànìyàn. Ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ lọ, rẹ́jísítà ìrìbọmi àti ìgbéyàwó ní àwọn ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ bí i Ọ̀tápẹ̀tẹ́ máa ń ní orúkọ òbí nínú. Ẹ lọ sí ilé-ìwé tó kọ́kọ́ lọ. Ẹ wo àpótí àwọn àgbà, rìsíìtì owó-orí máa ń ní orúkọ, àdúgbò àti ọdún. Ibi tí wọ́n ń kó ìwé ìjọba àtijọ́ sí wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ìwé àwọn ajẹ́lẹ̀ tó jókòó n'Íléṣà àti Ifẹ̀ wà níbẹ̀, ẹjọ́ ilẹ̀, ìwé ẹ̀bẹ̀, ìwé oyè, ẹni tó bá ti bá ẹnì kan ṣẹjọ́ rí, orúkọ ẹ̀ lè wà níbẹ̀. Ẹ mú sùúrù lọ, ẹ mú owó fótókọ́pì dání. Fún ẹni tó lọ sójú ogun Bọ́mà tí kò dé, àjọ Commonwealth tó ń tọ́jú ibojì àwọn ọmọ ogun ní sáìtì tó jẹ́ ọ̀fẹ́, orúkọ àwọn tó kú wà níbẹ̀ àti ibi tí wọ́n kọ wọ́n sí.

Ohun kan ṣì kù tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ máa ṣe: ẹ ka gbogbo ojú ìwé, kì í ṣe ìlà ẹni yín nìkan. Nígbà tí mo gbé fọ́ọ̀mù yẹn lọ fún Màmá, mo ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà ńlá, mo fi ìka tọ́ka sí ìlà Òjó fún wọn, wọ́n fọwọ́ pa á, wọ́n sọkún díẹ̀. Mo rò pé ó parí síbẹ̀. Wọ́n nu ojú wọn, wọ́n ní, "Àwọn tó kù yìí ńkọ́, ta ni wọ́n?" Mo ní àwọn tí wọ́n jọ ń gbé ni, Màmá. Wọ́n ní kí n kà wọ́n. Ọ̀kan ń bẹ tí wọ́n kọ pé Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí i, ẹnì kan láti Accra, méjì láti Freetown, méjì tí wọ́n kàn kọ Lagos fún. Bí mo ṣe ń pè wọ́n ni wọ́n ń ní kí n tún un pè, wọ́n ń gbìyànjú láti gbọ́ orúkọ ilé tó wà nínú ẹ̀. Ìgbà tá a dé orí ẹni kẹrin, wọ́n dá mi dúró, wọ́n ní kí n lọ mú bírò wá.